Káàdì Amòòkùn Orí Fóònù: Ta Ló Ń Jẹ Èrè Rẹ̀?

Ìnáwó sáà tuntun gan-an ni ọ̀rọ̀ tí a mú wá síwájú yín. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Ẹni tí kò bá la ojú rẹ̀ kí ó tó tú àpò, ẹkún ni yóò fi ka ṣẹ́ńjì.

Ìlú odò àti epo ni ọ̀pọ̀ nínú wa dàgbà sí. A kò gbé Ìbàdàn, a kò gbé Òṣogbo. Warri, Sapele àti Port Harcourt ni a ti gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ìyá wa, tí a sì ń gbọ́ Píjìn àti Ìtsẹkírì bí a bá ti jáde síta. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá dárúkọ iṣẹ́ abẹ́ omi, etí wa máa ń dìde, torí pé iṣẹ́ náà kò jìnnà sí ojúlé wa. Láti ìgbà díẹ̀ sẹ́yìn ni ọ̀rọ̀ kan ti ń lọ káàkiri ilé ìgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́: ẹ lọ kọ́ mímòòkùn, ẹ gba káàdì, kí iléeṣẹ́ epo gbà yín síṣẹ́. Wọ́n ní káàdì náà kì í tilẹ̀ ṣe ike mọ́, inú fóònù ni yóò wà. Bí ẹ bá ti sanwó tán ni yóò wọlé.

Ìbéèrè méjì ni ó yẹ kí a bi ara wa. Èkíní: èló ni ó tọ́ kí ènìyàn san lórí káàdì tí kò ju àwòrán inú fóònù lọ? Èkejì: kí ni káàdì náà lè ṣe fún ẹni tí ó gbà á? A ti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò síwá sẹ́yìn. Ohun tí a gbà gbọ́ ni pé káàdì orí fóònù dára, ó sì yẹ kí ó wà. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí wọ́n tún tà á fún ẹni tí ó ti san owó ẹ̀kọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ta ìrètí iṣẹ́ fún ọmọ tálákà.

Ibi tí káàdì ti ṣẹ̀ wá

Mímòòkùn pẹ̀lú àgbá afẹ́fẹ́ lẹ́yìn, èyí tí àwọn Òyìnbó ń pè ní scuba, kì í ṣe ohun àtayébáyé. Ní 1943 ni Jacques Cousteau àti Emile Gagnan, ọmọ ilẹ̀ Faransé méjèèjì, ṣe ẹ̀rọ tí ó ń fún amòòkùn ní afẹ́fẹ́ ní ìwọ̀n bí ó ti ń mí. Ṣáájú ìgbà náà, ọ̀pọ̀ àwọn tí iṣẹ́ wọn wà lábẹ́ omi ni ó ń wọ akoto irin, tí àwọn ará inú ọkọ̀ á sì máa fi rọ́bà fẹ́ afẹ́fẹ́ sí wọn láti òkè. Nígbà tí ẹ̀rọ tuntun náà dé ọjà, ẹnikẹ́ni tí ó bá lówó lè rà á, kí ó sì fò sínú òkun láìkọ́ ohunkóhun. Omi kò mọ olówó. Àwọn kan bá a lọ.

Èyí ni ó mú kí àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í dá ẹgbẹ́ ìkọ́ni sílẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, British Sub-Aqua Club bẹ̀rẹ̀ ní 1953. Ní Amẹ́ríkà, ìjọba ìbílẹ̀ Los Angeles gbé ètò ẹ̀kọ́ tirẹ̀ kalẹ̀ ní àárín àwọn ọdún 1950. PADI, tí orúkọ rẹ̀ gbajúmọ̀ jù lónìí, dé ní 1966, SSI sì tẹ̀ lé e ní 1970. Àwọn ẹgbẹ́ báyìí ni wọ́n ń fún ẹni tí ó bá yege ní káàdì tí orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ àti ìpele ẹ̀kọ́ rẹ̀ wà lára rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọkàn sí ibì kan níbí. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, kì í ṣe ìjọba ni ó ṣe òfin pé kí amòòkùn aláfẹ́ ní káàdì. Àwọn tí ó wà nídìí òwò náà ni wọ́n fi ṣe àṣà láàárín ara wọn. Ẹni tí ń rọ afẹ́fẹ́ sínú àgbá, ẹni tí ń yáni ní ohun èlò, ẹni tí ń fi ọkọ̀ gbéni lọ sójú agbami, gbogbo wọn ni yóò bèèrè pé, "Káàdì rẹ dà?" Bí kò bá sí káàdì, kò sí afẹ́fẹ́. Ìdí nìyí tí káàdì fi lágbára bí kọ́kọ́rọ́ ilé. Ohunkóhun tí ó bá sì lágbára tó bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó ń fúnni ní irú rẹ̀ lè sọ ọ́ di ọjà.

Ohun tí káàdì ń jẹ́rìí sí

Kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àròyé owó, ó yẹ kí a mọ ohun tí káàdì náà ń sọ nípa ẹni tí ó ni ín. Aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá, káàdì kọ́ sì ni amòòkùn.

Bí a bá dúró létí òkun, afẹ́fẹ́ ayé ni ó ń tẹ̀ wá. Bí a bá wọ omi òkun dé mítà 10, ìtẹ̀mọ́lẹ̀ náà á di ìlọ́po 2. Ní mítà 20, ó di ìlọ́po 3. Ní mítà 30, ó di ìlọ́po 4. Afẹ́fẹ́ tí amòòkùn ń fà símú lábẹ́ omi náà ní láti le tó ìtẹ̀mọ́lẹ̀ yìí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àyà rẹ̀ kò ní lè gbé e. Ibí ni ewu wà. Bí amòòkùn bá fa afẹ́fẹ́ kún àyà ní mítà 10, tí ó sé èémí, tí ó sì gòkè wá, afẹ́fẹ́ náà yóò fẹ́ di ìlọ́po 2 kí ó tó dé òkè. Ẹ̀dọ̀fóró kì í ṣe bàlúù. Ó lè ya. Òfin àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń kọ́ni nìyí: má ṣe sé èémí láéláé.

Èkejì ni ti nitrogen, èyí tí ó pọ̀ jù nínú afẹ́fẹ́ tí gbogbo wa ń mí. Lábẹ́ omi, ó máa ń wọnú ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara. Bí amòòkùn bá rọra gòkè, yóò bá èémí jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí ó bá sáré gòkè, yóò hó gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí a bá ṣí ìgò mínírà tí a ti gbọ̀n. Hóhó náà lè dé oríkèé, ó lè dé ọ̀pá ẹ̀yìn, ó lè sọ alágbára di ẹni tí a ń gbé. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń kọ́ni láti rọra gòkè, kí a sì dúró fún ìṣẹ́jú 3 ní mítà 5 kí a tó jáde.

Ẹni tí ó bá fẹ́ gba káàdì ìpele àkọ́kọ́ lọ́dọ̀ PADI ní láti lúwẹ̀ẹ́ tó mítà 200, kí ó léfòó fún ìṣẹ́jú 10, kí ó sì mòòkùn lẹ́ẹ̀mẹrin nínú omi gbangba níṣojú olùkọ́. Káàdì náà gbà á láyè dé mítà 18. Ìpele tí ó tẹ̀ lé e dé mítà 30. Mímòòkùn àfẹ́ kì í kọjá mítà 40. Gbogbo rẹ̀ nìyí. Kò kọ ọ́ sí ara káàdì pé ẹni yìí lè jó irin lábẹ́ omi, kò kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó lè tún páìpù epo ṣe.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ẹ̀kọ́ náà kò ṣe pàtàkì, kí ó wo ọ̀rọ̀ àwọn ará Miskito ní ilẹ̀ Honduras. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ti ń fi àgbá afẹ́fẹ́ mòòkùn wá edé ńláńlá fún àwọn olówó ọkọ̀, láìsí ẹ̀kọ́ tí ó péye àti láìsí ohun èlò tí ó dára. Ọ̀pọ̀ wọn rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀, àwọn mìíràn kú. Ọ̀rọ̀ náà dé Ilé Ẹjọ́ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti àwọn orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ilé ẹjọ́ náà sì dá a ní 2021 lórí ènìyàn 42. Ẹ̀yin ará, àìkọ́ni ni ó pa wọ́n lára. Káàdì nìkan kò lè gbà wọ́n là, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí ó yẹ kí ó ṣáájú káàdì ìbá ti ràn wọ́n lọ́wọ́.

Ìwúlò ti orí fóònù

A kò kọ̀ pé káàdì orí fóònù ní ìwúlò tirẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí a fi ìbínú owó pa òtítọ́ mọ́lẹ̀. Ike a máa sọnù, ike a máa dá, ike a máa gbàgbé ara rẹ̀ sílé. Ẹni tí ó bá rin ìrìn-àjò dé etí òkun, tí ó sì bá a pé káàdì wà nínú àpótí nílé, àfi kí ó jókòó sí etí omi kí ó máa wo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Fóònù kò rí bẹ́ẹ̀. Ta ni nínú wa tí ó ń jáde láìmú fóònù dání?

Lẹ́yìn èyí, káàdì orí fóònù máa ń tètè dé. Kò sí pé ẹnìkan ń retí lẹ́tà láti òkè òkun fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Àwa tí a mọ ilé ìfìwéránṣẹ́ wa, a mọ ohun tí a ń sọ. Ó tún dín ike kù nínú òkun, èyí tí kò sì burú fún ẹni tí ó fẹ́ràn òkun.

Ṣùgbọ́n ó ní àléébù tirẹ̀. Fóònù a máa kú. Ojú agbami kò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Omi iyọ̀ kì í ṣe ọ̀rẹ́ fóònù. Ẹni tí ó gbọ́n yóò ya àwòrán káàdì náà pamọ́ sínú fóònù kí ó tó kúrò nílé, yóò sì tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé kan, kí ó fi ọ̀rá bò ó, kí ó kì í sínú báàgì. Owó tí ìyẹn yóò ná an kò ju owó ìtẹ̀wé kan lọ ní ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ wa níbí.

Ẹ tún kíyè sí èyí: ẹ̀rí gidi kò sí lára ike, kò sì sí nínú fóònù. Inú àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ tí ó fúnni ní káàdì ni ó wà. Bí amòòkùn bá dé ibi tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n, orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ ìbí rẹ̀ ni wọ́n yóò fi wo àkọsílẹ̀ náà, wọn yóò sì mọ̀ bóyá òótọ́ ni tàbí irọ́. Káàdì kò ju ìka tí ó nawọ́ sí àkọsílẹ̀ náà lọ. Àwa tí a ń lo nọ́ńbà ìdánimọ̀ ní Nàìjíríà mọ ìyàtọ̀ yìí dáadáa: nọ́ńbà ni ìdánimọ̀, kì í ṣe ìwé pélébé tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí.

Ọ̀rọ̀ owó

Ẹ̀kọ́ mímòòkùn fúnra rẹ̀ wọ́n. Ní ọ̀pọ̀ ibi lágbàáyé, ìpele àkọ́kọ́ máa ń gba 300 sí 600 dọ́là. Ẹ jẹ́ kí a mú 400 dọ́là. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, nígbà tí dọ́là kan ń lọ ní nǹkan bí 460 náírà ní báńkì, owó náà jẹ́ 184,000 náírà. Ní oṣù kẹfà ọdún náà ni ìjọba tú okùn lọ́rùn náírà. Láàárín 2024, dọ́là kan ti kọjá 1,500 náírà, 400 dọ́là yẹn sì ti di 600,000 náírà. Owó oṣù tí ó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2024 ni 70,000 náírà. Ẹni tí ń gba irú owó bẹ́ẹ̀ ní láti ṣiṣẹ́ ju oṣù mẹ́jọ lọ, láìjẹ láìmu, kí ó tó lè kọ́ ẹ̀kọ́ tí kò ju ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin lọ.

Bí ẹ̀kọ́ bá wọ́n báyìí, ó yẹ kí káàdì tẹ̀ lé e gẹ́gẹ́ bí ṣẹ́ńjì ti ń tẹ̀ lé ọjà. Ní òtítọ́, nǹkan ti ń dára sí i lápá kan. SSI ń fi káàdì sínú áàpù rẹ̀ fún ẹni tí ó bá yege, ike ni yóò sanwó fún bí ó bá fẹ́. PADI náà ní káàdì orí fóònù. Ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìpààrọ̀, àti ọ̀rọ̀ àwọn alágbàtà tí ń kọ "owó káàdì" sí ọ̀tọ̀ lẹ́yìn tí ènìyàn ti sanwó tán. Bí wọ́n bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ mú 30 dọ́là wá kí àwòrán lè wọ fóònù rẹ̀, ní 1,500 náírà, 45,000 ni. Kí ni wọ́n rà? Wọn kò tẹ ike. Wọn kò ra sítáǹpù. Ẹnìkan kàn tẹ bọ́tìnì ni.

Irú èyí kò ṣàjèjì sí wa. Ta ni nínú wa tí kò ra káàdì tí a ń họ kí ó tó lè wo èsì ìdánwò tí òun fúnra rẹ̀ jókòó ṣe, tí òbí rẹ̀ sì ti san owó rẹ̀? Ìwọ ni o kàwé, ìwọ ni o ṣe wàhálà, ìwọ ni o tún ń rawọ́ ẹ̀bẹ̀ kí o tó rí ohun tí o ṣe. Ohun tí ó bà wá lọ́kàn jẹ́ ni pé ó ti mọ́ wa lára tó bẹ́ẹ̀ tí a kò fi bèèrè ìdí rẹ̀ mọ́. Nígbà tí nǹkan kan náà bá wá wọ aṣọ òkè òkun dé, a ó kí i káàbọ̀.

Àwọn kan yóò sọ pé ìpamọ́ àkọsílẹ̀ kò ṣe ọ̀fẹ́, pé kọ̀ǹpútà ń jẹ iná, pé àwọn òṣìṣẹ́ ń gba owó oṣù, àti pé ẹgbẹ́ tí ó ń fi orúkọ rẹ̀ jẹ́rìí ènìyàn lè wọ ẹjọ́ bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀. Òdodo ọ̀rọ̀ ni. A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni ṣiṣẹ́ láìgbowó. Ohun tí a sọ ni pé kí wọ́n ka gbogbo rẹ̀ mọ́ owó ẹ̀kọ́, kí wọ́n sọ iye rẹ̀ kí akẹ́kọ̀ọ́ tó sanwó, kí ó sì parí síbẹ̀. Ìyá tí ń ta ìrẹsì kì í gba owó àwo lọ́tọ̀, kí ó gba owó ṣíbí lọ́tọ̀, kí ó wá gba owó àga lọ́tọ̀. Ó ti fi ọgbọ́n ka gbogbo rẹ̀ mọ́ owó oúnjẹ. Bí ìyá olóúnjẹ bá mọ èyí, kí ni ó dé tí ẹgbẹ́ tí ẹ̀ka rẹ̀ tàn káyé kò lè mọ̀ ọ́n?

Nǹkan mìíràn tún wà. Káàdì ìpele àkọ́kọ́ kì í kú. Kò ní ọjọ́ tí agbára rẹ̀ máa tán, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n máa ń gba ẹni tí ó ti pẹ́ tí kò mòòkùn nímọ̀ràn pé kí ó lọ tún ẹ̀kọ́ rẹ̀ yẹ̀ wò. Ohun tí kò kú, kò yẹ kí ilẹ̀kùn rẹ̀ tì mọ́ olówó rẹ̀. Ẹni tí ó bá pààrọ̀ fóònù, tí wọ́n jí fóònù rẹ̀ gbé nínú ọkọ̀, tàbí tí ó gbàgbé ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀, kò yẹ kí ó tún san kọ́bọ̀ kí ó tó rí ẹ̀rí ohun tí ó mọ̀ ọ́n ṣe.

Káàdì àfẹ́ kì í ṣe káàdì iṣẹ́

A dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan ẹ̀mí àti ọjọ́ ọ̀la àwọn ọ̀rẹ́ wa. A mọ ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní àdúgbò wa tí ìyá rẹ̀ ta ilẹ̀ kí ó lè kọ́ mímòòkùn lọ́dọ̀ àwọn kan tí wọ́n ṣèlérí iṣẹ́ epo fún un. Ó kọ́ ọ, ó sì yege. Káàdì rẹ̀ wà nínú fóònù, àwòrán rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Ó mú un lọ síbi iṣẹ́, wọ́n wò ó, wọ́n ní kí ó máa lọ. Káàdì rẹ̀ kì í ṣe ayédèrú. Ohun tí wọ́n ń wá kọ́ ni.

Iṣẹ́ abẹ́ omi ní oko epo ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Ìwé ẹ̀rí tí IMCA, ẹgbẹ́ àwọn agbaṣẹ́ṣe ojú òkun lágbàáyé, bá tẹ́wọ́ gbà ni ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ń bèèrè. Ẹ̀kọ́ náà ń gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, owó rẹ̀ sì pọ̀ ju ti àfẹ́ lọ lọ́nà púpọ̀. Ọkọ̀ ni afẹ́fẹ́ ti ń wá nípasẹ̀ rọ́bà, amòòkùn ń bá àwọn ará òkè sọ̀rọ̀, dókítà a sì ti yẹ̀ ẹ́ wò. IMCA kò tilẹ̀ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa fi àgbá scuba ṣe iṣẹ́ ní agbami, torí pé afẹ́fẹ́ inú àgbá kì í pẹ́ tán. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fi káàdì àfẹ́ wá iṣẹ́ epo dà bí ẹni tí ó fi káàdì ilé ìkàwé wá iṣẹ́ olùkọ́. Àwọn méjèèjì ló kan ìwé, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ẹ̀rí wà nílùú wa. Ní ọjọ́ 26 oṣù karùn-ún ọdún 2013, ọkọ̀ Jascon-4 tí ń fa ọkọ̀ epo dojú dé ní agbami Escravos, ó sì rì lọ sí nǹkan bí mítà 30. Ènìyàn 12 ni ó wà nínú rẹ̀. Harrison Okene, alásè ọkọ̀ náà, nìkan ni ó yè. Ó wà nínú òkùnkùn fún nǹkan bí wákàtí 60, afẹ́fẹ́ díẹ̀ tí ó há sí igun kan ni ó ń mí. Àwọn amòòkùn tí wọ́n wá wá òkú ni wọ́n bá a láàyè. Ẹ rántí ohun tí a sọ nípa mítà 30: ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ìlọ́po 4. Bí wọ́n bá fà á jáde kíá gẹ́gẹ́ bí ẹni tí inú rẹ̀ dùn, wọn ì bá pa á. Ìmọ̀ ni ó jẹ́ kí wọ́n fi akoto mímòòkùn sí i lórí, kí wọ́n sì tì í mọ́ inú yàrá ìtẹ̀mọ́lẹ̀ fún ohun tí ó lé ní ọjọ́ méjì, kí ara rẹ̀ lè padà bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn èyí, Okene fúnra rẹ̀ lọ kọ́ iṣẹ́ amòòkùn, ó sì gba ìwé ẹ̀rí oníṣẹ́. Ọ̀nà oníṣẹ́ ni ó gbà, kì í ṣe ọ̀nà àfẹ́.

Àwọn amòòkùn mìíràn tún wà tí kò ní káàdì kankan. Ní Mákòkó ní Èkó, àwọn ọkùnrin ń mòòkùn lójoojúmọ́ pẹ̀lú korobá, wọ́n ń bu yanrìn nísàlẹ̀ ọ̀sà fún àwọn tí ń kọ́lé. Àkàbà igi ni wọ́n fi ń sọ̀ kalẹ̀, èémí inú àyà wọn ni àgbá afẹ́fẹ́ wọn. Odò kì í kún kí ó bo ẹja lójú, wọ́n mọ omi ju ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ní káàdì lọ. Síbẹ̀, bí ẹnìkan bá gbé rọ́bà afẹ́fẹ́ fún wọn lọ́la láìkọ́ wọn, ohun tí ó ṣe ará Miskito lè ṣe wọ́n. Ẹ̀kọ́ ni wọ́n nílò bí ọjọ́ yẹn bá dé, ní èdè tí wọ́n gbọ́ àti ní owó tí apá wọn ká.

Ohun tí a ń fẹ́

Èkíní, kí ẹgbẹ́ tàbí ilé ẹ̀kọ́ mímòòkùn yòówù tí ó bá ń ṣiṣẹ́ láàárín wa kọ gbogbo owó sí ojú kan ṣáájú ìsanwó, káàdì orí fóònù sì gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀.

Èkejì, kí ìpààrọ̀ káàdì orí fóònù jẹ́ ọ̀fẹ́ títí láé. Ẹni tí ó bá fẹ́ ike kí ó sanwó ike.

Ẹ̀kẹta, kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sí ara ìpolówó wọn pé káàdì àfẹ́ kì í ṣe ìwé iṣẹ́. Ẹni tí kò bá lè kọ èyí, kí ọmọ ẹgbẹ́ wa má ṣe sanwó fún un.

Ẹ̀kẹrin, ó kan àwa fúnra wa. Kí ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ ọ kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tí ó ń fọkàn sí pé irú ìwé ẹ̀rí wo ni wọ́n ń gbà. Kí ó wádìí orúkọ olùkọ́ nínú àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ tí olùkọ́ náà ní òun wà. Kí ó sì máa kọ ìwé ìrántí mímòòkùn rẹ̀ dáadáa: ọjọ́, ibi, bí ó ti jìn tó, ìṣẹ́jú tí ó lò, ẹni tí ó bá a lọ. Bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Káàdì ni aṣọ. Ìwé ìrántí yẹn ni àkísà. Ọ̀gá ọkọ̀ tí ó mọ iṣẹ́ yóò wo àkísà kí ó tó wo aṣọ.

Ẹ̀yin ará, ọwọ́ epo ni ayé ń bá ni lá, wọn kì í bá ni lá ọwọ́ ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí a bá ń sanwó, alágbàtà yóò pọ̀ lọ́dọ̀ wa, wọn yóò máa rẹ́rìn-ín, wọn yóò máa pè wá ní ọ̀gá. Nígbà tí àwòrán inú fóònù bá kọ̀ láti di iṣẹ́, tàbí tí omi bá dijú mọ́ ọmọ ẹni, ẹnu ọ̀nà ìyá rẹ̀ nìkan ni ẹkún yóò kù sí. Ẹ bèèrè kí ẹ tó sanwó. Ẹ kọ́ ọ kí ẹ tó wọ omi.

Olódùmarè yóò ṣọ́ wa lórí ilẹ̀ àti lójú omi. Ire o.